Bí Ọ́fíìsì Baba Èdè Ṣe Yadi

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ sì fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹ̀rín bá fẹ́ pa yín, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí kò fẹ́ràn kí wọ́n máa fi òun rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Àgbà ni. Òun ló ń ṣàkóso gbogbo ilé ìwé girama tó jẹ́ ti ìjọba. Bí ó bá fẹ́ wọ yàrá, ikùn rẹ̀ á kọ́kọ́ wọlé, òun fúnra rẹ̀ á tẹ̀lé e, igbákejì rẹ̀ á sì gbé báàgì tẹ̀lé àwọn méjèèjì. Kì í kí èèyàn, ìkíni ló máa ń gbà. Bí ó bá húkọ́ nínú ìpàdé, ẹnì kan á ti kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá sín, gbogbo yàrá á ní, "Òótọ́ ni, sà."

Igbákejì rẹ̀ yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ sọ ní Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà. Kò sẹ́ni tó rántí pé ó sọ nǹkan mìíràn rí. Bí Ọ̀gá Àgbà bá ní òjò ń rọ̀, Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà á ṣí agbòjò lábẹ́ òrùlé. Bí ó bá yí ohùn padà pé oòrùn ló mú, á ti máa nu òógùn. Ẹ má bú u o. Ìyàwó ń bẹ nílé, ọmọ ń bẹ nílé, iṣẹ́ kò sì pọ̀ níta.

Lásìkò tí mò ń wí yìí, nǹkan kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn Ọ̀gá Àgbà. Àga Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ti ṣófo, ó sì dá a lójú pé ìdí òun gan-an ni káfíńtà wọ̀n kó tó kan àga náà. Ohun tó kù ni kí ó gbé nǹkan ńlá kan ṣe tí Olórí Ìjọba yóò fi rántí rẹ̀.

Òkè òkun ni nǹkan ńlá náà ti wá bá a. Ìjọba rán an lọ sí ìpàdé ní orílẹ̀-èdè kan tó jìnnà réré, ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún wọn ní hòtẹ́ẹ̀lì sì kọ́ ọ ní gbólóhùn mẹ́ta ní èdè ibẹ̀: "Ẹ káàárọ̀," "Ẹ ṣé púpọ̀," àti "Oúnjẹ yìí dùn gan-an." (Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́hùn-ún. Èmi kò gbọ́ èdè náà, ojú kò sì tì mí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni mo máa fún yín jálẹ̀ ìtàn yìí.) Nígbà tí wọ́n ń jẹun ìdágbére, tí ilẹ̀ ti ṣú, ó dìde, ó kí wọn ní ẹ káàárọ̀, ó dúpẹ́, ó ní oúnjẹ dùn. Àwọn onílé pàtẹ́wọ́ fún un, bí a ti ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde dúró. Ọ̀gá Àgbà rò pé ọgbọ́n òun ni wọ́n ń yìn. Kí bàálù rẹ̀ tó balẹ̀ nílé, ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ti gbọ́ èdè náà tán, ó ku kí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè wa náà gbọ́ ọ.

Ó pe gbogbo ọ̀gá ilé ìwé jọ sí gbọ̀ngàn. Wọ́n ti jókòó láti òwúrọ̀. Ìgbà tí oòrùn kan àtàrí ló tó dé.

"Ẹ̀yin olùkọ́," báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin àtùpà, ẹ̀yin epo inú àtùpà, ẹ̀yin òwú inú epo! Kí ni èèyàn tó ní èdè kan ṣoṣo? Ilé tó ní fèrèsé kan ṣoṣo ni! Mo lọ, mo rí, mo gbọ́, mo sọ, wọ́n sì pàtẹ́wọ́! Mo dúró lórí ilẹ̀ onílẹ̀, mo la ẹnu mi, èdè wọn sì ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ. Ṣé èmi nìkan ni kí n máa dá adùn yìí jẹ? Ó tì o! Láti òní lọ, Èdè Àfikún di dandan ní gbogbo ilé ìwé girama. Ọmọ tí kò bá yege nínú rẹ̀ kò ní gba ìwé ẹ̀rí, ìbáà mọ ìṣirò ju ẹ̀rọ lọ. Òkè òkun ni ìdánwò rẹ̀ yóò ti wá, lọ́wọ́ àwọn tó ni èdè gan-an, nítorí èmi kì í ṣe nǹkan ní ìdajì!"

Gbọ̀ngàn hó yèè. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà nu ojú rẹ̀, omi ò sì sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìwé kan, ìyá àgbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, tí ẹ̀rù kò bà mọ́, nawọ́ sókè.

"Ta ni yóò kọ́ wọn, sà? Ní gbogbo ilé ìwé wa, n kò tíì rí olùkọ́ kan tó gbọ́ èdè yìí."

Ọ̀gá Àgbà fi ojú àánú wò ó. "Ìyá wa, ta ló kọ́ ẹyẹ ní orin? Ta ló kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀? Ebi ni olùkọ́! Ẹni tí ebi bá ń pa á wá oúnjẹ, ẹni tí ebi ọ̀rọ̀ bá sì ń pa á wá ọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà gba èdè tó wà lẹ́nu ọmọ kúrò. Tuntun á hù níbẹ̀."

"Bí eyín?" ni ìyá àgbà bi í.

"Bí eyín gan-an! Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀!"

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n tó túká, wọ́n ti fi orúkọ tuntun dá a lọ́lá. Wọ́n ní Baba Èdè ni. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn débi pé, nígbà tó délé, ó ní kí ìyàwó òun náà máa pe òun bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní òun gbọ́, ó sì ń bá ẹ̀fọ́ tó ń já lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi akọ̀wé rẹ̀ hàn yín, nítorí òfin yìí dun obìnrin náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Yàrá ìta ló ń jókòó sí, níwájú ìlẹ̀kùn Baba Èdè, òun ló sì ń gbé fóònù ọ́fíìsì. Opó ni, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà wà ní kíláàsì ìparí, orí rẹ̀ pé, ilé ìwé nọ́ọ̀sì sì ti fún un láyè. Kí ó ṣáà ti mú ìwé ẹ̀rí girama rẹ̀ wá kí ẹ̀kọ́ ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn á fi àyè náà fún ẹlòmíràn. Ní ìrọ̀lẹ́, apá ìyá rẹ̀ ló fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọgbẹ́. Obìnrin náà á jókòó jẹ́ẹ́, báńdéèjì á bò ó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, inú rẹ̀ á sì máa dùn bí ẹni pé ara rẹ̀ kò yá lóòótọ́ tí ọmọ rẹ̀ sì ń wò ó sàn.

Lẹ́yìn ìpàdé gbọ̀ngàn, akọ̀wé yìí wọlé tọ Baba Èdè lọ, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn tó wà ní kíláàsì ìparí ńkọ́? Ẹ yọ wọ́n sílẹ̀ lọ́dún yìí. Kò sẹ́ni tó tíì kọ́ wọn ní nǹkan kan, ìdánwò sì ti fẹ́ dé. Ọmọ mi, sà..."

Baba Èdè gbé ọwọ́ sókè. "Èdè wo lo fi ń bẹ̀ mí yìí?"

"Èdè wa ni, sà."

"Àìsàn tí mo fẹ́ wò gan-an nìyẹn! Lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ ní Èdè Àfikún, kí o wá padà wá bẹ̀ mí. Ẹ̀bẹ̀ tí kò bá gba ibẹ̀ wá, etí mi ò ní gbọ́ ọ."

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Akọ̀wé dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó jáde.

"Màmá, kí ni wọ́n wí?" ni ọmọ rẹ̀ bi í nígbà tó délé.

"Wọ́n ní kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀."

Ọmọ náà ká apá ẹ̀wù ìyá rẹ̀ sókè. Ó mú báńdéèjì, ó wé e sí apá ìyá rẹ̀, ó fún un jù. Ìyá ní ó ń dun òun o. Ọmọ ní kí wọ́n má bínú, ó tú u, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ti rí òfin burúkú rí, ṣùgbọ́n èyí tó ń gba oúnjẹ ọ̀la lẹ́nu ọmọ nítorí ohun tí a kò kọ́ ọ, inú ń bí mi sí i títí di òní.

Kò pẹ́ tí òfin kejì fi jáde, kí ebi ọ̀rọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í pa èèyàn. Láti ìgbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá ṣíwọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun ní ilé ìwé tàbí ní ọ́fíìsì Baba Èdè, àfi ní Èdè Àfikún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rú u, ilé ló ń lọ. Òṣìṣẹ́ tó bá rú u, iṣẹ́ bọ́. Baba Èdè fúnra rẹ̀ ló kọ́ gbogbo wọn ní gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí wọ́n bi í pé àwọn tó kù ńkọ́, ó ní, "Wọ́n ń bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ èyí dà." Ẹ̀yin àti èmi mọ̀ pé kò sí èyí tó ń bọ̀ níbì kankan.

Ẹ ò rí ọ́fíìsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́! Ẹni tó ń wá ìwé tó sọnù á dúró níwájú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, á ní, "Oúnjẹ yìí dùn gan-an?" Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á mi orí, á ní, "Ẹ ṣé púpọ̀." Àwọn méjèèjì á wá tú gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, iṣẹ́ sì tún fẹ́ máa lọ. Inú bí Baba Èdè. Ó ní ọwọ́ kì í ṣe èdè, kí oníkálukú fi ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n wá ń fi fóònù tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn lábẹ́ tábìlì. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ wá, ó gba gbogbo fóònù wọn, ó sì fi tirẹ̀ lé e lórí kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀ pé ọ̀gá tó ń fi àpẹẹrẹ lélẹ̀ nìyí. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ti àwọn fóònù náà mọ́ inú àpótí. Ó wá fi ọkùnrin kan sí yàrá ìta pẹ̀lú fèrè lẹ́nu, kó máa ṣọ́ ẹni tó bá ṣèèṣì sọ ọ̀rọ̀. Ṣọ́-Ẹnu ni wọ́n ń pe ìyẹn. Wọ́n máa ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣíwọ́.

Baba Èdè wá jáde lọ wo bí èdè ṣe ń hù ní ilé ìwé. Ilé ìwé tí ọmọ akọ̀wé wà ló lọ. Ó wọ ọgbà ibẹ̀, kò gbọ́ ìró kankan. Ọmọ pọ̀ níbẹ̀ bí eéṣú, ṣùgbọ́n kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Ó di igbákejì rẹ̀ mú ní èjìká, omijé lé ròrò sí i lójú.

"Ṣé o gbọ́?" ó rọra sọ ọ́. (Òfin kò mú ẹni tó ṣe òfin, kò sì mú ẹni tó ń gbè é lẹ́sẹ̀, ẹ ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀.) "Ṣé o gbọ́ bí wọ́n ṣe dákẹ́? Èdè ló ń ta gbòǹgbò yẹn!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ní kíláàsì ìṣirò, olùkọ́ kọ ìbéèrè sójú pátákó, ó yíjú sí àwọn ọmọ, ó fa èémí, ó ní, "Oúnjẹ yìí dùn gan-an." Àwọn ọmọ wo pátákó, wọ́n wo olùkọ́, wọ́n ní, "Ẹ ṣé púpọ̀." Bí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ṣe parí nìyẹn. Ní yàrá kẹ́místrì, nǹkan le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí Baba Èdè ṣe yọ lójú fèrèsé ni olùkọ́ dojú kọ ọ́ láti kí i, apá ẹ̀wù rẹ̀ sì kan iná. Ọkùnrin náà fò sókè. "Ẹ káàárọ̀!" ló ń pariwo. "Ẹ káàárọ̀! Ẹ káàárọ̀! Oúnjẹ yìí dùn gan-an!" Gbogbo kíláàsì sì dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹ ṣé púpọ̀. Ọmọbìnrin kan ló dìde tó gbé korobá omi, tó da gbogbo rẹ̀ lé olùkọ́ lórí, tó sì fi aṣọ tútù wé apá náà láìsọ nǹkan kan. Ọmọ akọ̀wé ni.

Baba Èdè pàtẹ́wọ́. "Olùkọ́ yìí gbọ́ èdè! Ẹ wo bó ṣe ń fi gbogbo ara sọ ọ́! Ṣùgbọ́n ọmọ tó gbé omi yẹn, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò dá sí ọ̀rọ̀."

Inú rẹ̀ dùn débi pé, nígbà tí wọ́n wọ mọ́tò padà, ó sọ àwàdà kan tó ti ń sọ láti ọdún púpọ̀. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, tó mọ ibi tí àwàdà náà ń lọ, tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín kó tó débẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún rẹ́rìn-ín, Baba Èdè tún àwàdà náà sọ, ó tún ya ẹnu, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì yẹ̀. Dókítà dá a padà, ó fi aṣọ di í láti àgbọ̀n dé àtàrí, ó ní kó lọ sinmi nílé, kó má sọ̀rọ̀ ju èyí tó bá pọn dandan lọ. Ẹni tí ẹ̀rín ẹlẹ́rìn-ín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa nìyẹn.

Ọjọ́ tí Olórí Ìjọba fẹ́ yan Mínísítà wá pé. Lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣíwọ́, Baba Èdè pe akọ̀wé rẹ̀.

"Bí ilé Olórí Ìjọba bá pè lọ́la, kí o jẹ́ kí n mọ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n má tìtorí ìyẹn rú òfin o! Ọ́fíìsì mi ni wọ́n fi ń ṣe àwòkọ́ṣe. Èdè Àfikún ni kí o fi dá wọn lóhùn. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu akọ̀wé mi lásán-làsàn, wọn á mọ irú ẹni tí èmi fúnra mi jẹ́. Bí o bá sọ ọ̀rọ̀ kan tó yàtọ̀, ìbáà jẹ́ fún mi, ìbáà jẹ́ fún Olórí Ìjọba, ilé rẹ lo máa sùn títí láé."

"Mo ti gbọ́, sà," ni obìnrin náà wí.

Lọ́jọ́ kejì, Baba Èdè wọ aṣọ tuntun, ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá inú, ó dúró síwájú dígí, ó ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń ya ẹnu nígbà tí ìròyìn ayọ̀ bá bá a lójijì. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí fóònù yàrá ìta dún.

"Ṣé ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà nìyẹn? Ilé Olórí Ìjọba ni mo ti ń pè."

Akọ̀wé tẹ fóònù mọ́ etí. Ó wo Ṣọ́-Ẹnu. Ṣọ́-Ẹnu gbé fèrè sẹ́nu, ó ń retí.

"Ẹ káàárọ̀," ni obìnrin náà fi Èdè Àfikún wí.

"Kí lẹ wí?"

"Ẹ ṣé púpọ̀."

"Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, àyè eré kò sí. Olórí Ìjọba ti mú ọ̀gá yín láti ṣe Mínísítà. Ẹ bá wa bi í bóyá ó gbà tàbí kò gbà. Mo dúró sórí fóònù."

Akọ̀wé gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, ó kan ìlẹ̀kùn inú, ó wọlé. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn bí òfin ṣe wí. "Ẹ káàárọ̀," ó wí, ó sì ń fi ojú tọ́ka sí yàrá ìta, ó wo Baba Èdè, ó tún wo ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ń yí gbirigbiri.

Baba Èdè kúrò níwájú dígí, ẹ̀rín bo gbogbo ojú rẹ̀. "Ó ti dára tó! Ṣùgbọ́n ohùn rẹ lọ sílẹ̀ níparí. Tún un sọ."

"Ẹ káàárọ̀."

"Gbé e sókè! Bí ẹni tó rí èèyàn pàtàkì!"

"Ẹ káàárọ̀!"

"Ẹ wo nǹkan! Ìwọ tó wá ń fi èdè àbínibí bẹ̀ mí níjọ́sí rèé o. Ǹjẹ́ o rí i pé ebi ni olùkọ́?" Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí òun ṣe dìde láàárín àwọn èèyàn ńlá lókè òkun tí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún òun. Ìtàn náà gùn. Láti yàrá ìta, a ń gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan nínú fóònù tó ń ní, "Hẹ́lò? Hẹ́lò?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, èmi tó wà nínú ọkàn gbogbo wọn lè sọ ohun tó wà lọ́kàn obìnrin náà fún yín. Ọ̀rọ̀ kan péré ni: "Mínísítà." Bí ó bá sọ ọ́ ní èdè ìyá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ á là. Ṣùgbọ́n Ṣọ́-Ẹnu ti na ọrùn wọlé, iṣẹ́ náà ló sì fi ń bọ́ ọmọ. Ó sì tún rántí orúnkún rẹ̀ lórí ilẹ̀ yàrá yìí kan náà, àti etí tó ní òun kò ní gbọ́. Ó pa ẹnu dé. N kò lè sọ pé ó dùn ún púpọ̀.

"Ẹ ṣé púpọ̀," ni Baba Èdè fi ní kó máa lọ, ó sì padà sídìí dígí rẹ̀.

Akọ̀wé gbé fóònù. "Ṣé ó gbà?" ni ohùn náà bi í, inú sì ti ń bí i.

"Oúnjẹ yìí dùn gan-an," ni obìnrin náà wí, nítorí èyí nìkan ló kù tí kò tíì sọ. Fóònù já.

Ní ilé Olórí Ìjọba, ẹnì kan wà tó gbọ́ èdè náà díẹ̀. Ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún wọn: wọ́n ní ẹ káàárọ̀ lọ́sàn-án gangan, wọ́n dúpẹ́, wọ́n wá ní oúnjẹ dùn. Ojú Olórí Ìjọba pọ́n. Ó ní, "Mo pè é síṣẹ́, oúnjẹ ló ń jẹ. Ẹ pe igbákejì rẹ̀!" Wọ́n pe Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà nílé. Ọkùnrin náà fi ìka gbé aṣọ tó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sókè díẹ̀, ó fi ìrora sọ ọ̀rọ̀ tó pọn dandan. Olórí Ìjọba ní inú òun dùn láti rí ẹni tí kì í sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ìgbà tí dírẹ́bà tan rédíò, tí wọ́n ń lọ sílé, ni Baba Èdè gbọ́ pé igbákejì òun ni Mínísítà tuntun, àti pé òun fúnra òun yóò fẹ̀yìn tì láti òní lọ, nítorí ìwà àìbìkítà. Ó ní kí dírẹ́bà yí mọ́tò padà. Ó sáré gun àkàsọ̀ ọ́fíìsì. Akọ̀wé ń ti ìlẹ̀kùn lọ́wọ́.

"Ṣé wọ́n pè?"

"Wọ́n pè, sà."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Ṣé o ò lẹ́nu ni?"

Wọ́n ti ṣíwọ́, òfin ti sùn. Obìnrin náà wá fi èdè rẹ̀ dá a lóhùn, kò sì yára. "Mo ní ẹnu, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má lò ó. Mo wọlé wá bá yín, mo wo yín, mo wo ẹnu ọ̀nà, ẹ ní kí n gbé ohùn sókè. Fóònù ń ké lórí tábìlì, ẹ ń ròyìn àtẹ́wọ́. Èèyàn tó bá di gbogbo ẹnu tó yí i ká, ta ni yóò sọ fún un pé ilé rẹ̀ ń jó?"

Baba Èdè wo ìlẹ̀kùn tí obìnrin náà ti tì. Ó jókòó sórí àkàsọ̀, pẹ̀lú aṣọ tuntun lọ́rùn.

Ẹ má rò pé wàhálà ti tán. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin ìwé ẹ̀rí ṣì wà nílẹ̀, ìdánwò sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti òkè òkun. Lọ́jọ́ tí Mínísítà tuntun kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì, pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣì dì, èrò tò sílẹ̀ tó ń wá ojú rere rẹ̀. Akọ̀wé ti dé ṣáájú gbogbo wọn. Ó mọ ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Kò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Sà, ẹ ti pinnu pé kí gbogbo ọmọ kíláàsì ìparí gba ìwé ẹ̀rí wọn láìsí Èdè Àfikún, àbí?"

Mínísítà wo ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, kò tíì sẹ́ni tó fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ tí òun sì sọ pé rárá.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló wí.

Obìnrin náà ti tẹ̀ ẹ́ síwèé. Ó gbé bírò lé e lọ́wọ́, ó fi ìka hàn án ibi tí yóò fọwọ́ sí. Ẹni kejì tó wọlé ní kí wọ́n jẹ́ kí òfin náà dúró. Mínísítà ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹni kẹta ní kí wọ́n fi èdè mìíràn kún un. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n ìwé ti kúrò nílé. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ bẹ ìjọba, ẹ máa tètè jí.

Ọmọ náà gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó wọ ilé ìwé nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó ti ìlẹ̀kùn. Ẹkún tí ìyá rẹ̀ sun lọ́jọ́ náà, tayọ̀tayọ̀ ni, ó sì pariwo rẹ̀ dáadáa. Kò tíì tó oṣù mélòó kan tí ọmọ náà fi wá ní, "Màmá, obìnrin kan tó gbé ní orílẹ̀-èdè yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún ti dé sí àdúgbò ilé ìwé wa. Ó ń kọ́ èèyàn ní èdè wọn ní ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ lọ."

"Èdè yẹn?" Ìyá fi ọwọ́ lé orí. "Lẹ́yìn gbogbo ohun tójú wa rí?"

"Èdè náà ò ṣẹ̀ wá, Màmá. Wọn ò kọ́ wa ni."

Ìyá rò ó títí, ó ní kó lọ. Ọmọ náà bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ nínú yàrá kékeré kan tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sójú títì. Ó jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó mú bírò rẹ̀ jáde. Kò pẹ́ ni ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kan ìlẹ̀kùn, ó bọ́ fìlà, ó tọrọ àyè. Gbogbo wọn dá a mọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà sún sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ọkùnrin náà jókòó tì í.

Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ gbólóhùn kan tó gùn díẹ̀, ó wo gbogbo wọn lójú, ó bi wọ́n bí ó bá yé wọn. Wọ́n mi orí. Ọkùnrin náà kò mi tirẹ̀. Ó ń yí bírò lọ́wọ́, òógùn bò ó níwájú orí. Ó nawọ́ sókè, ó fà á wálẹ̀, ó tún un nà. Bí olùkọ́ ṣe fún un láyè, ó dìde dúró bí akẹ́kọ̀ọ́.

"Kò yé mi," ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ fún mi."

Olùkọ́ sì tún un sọ, díẹ̀díẹ̀.